Wọ́n Pe Ara Wíwú Ní Sísanra

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹsẹ̀ yín ń wú, tí mímí ń ni yín lára, tí dókítà sì ti sọ fún yín pé ọkàn yín ni kò lágbára tó, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì mọ orúkọ tí àwọn olóyìnbó ń pe àìsàn náà. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó ṣe èmi Sàfúrátù, ìyàwó Làmídì télọ̀, nílùú Ògbooro. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó ṣe sọ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kú ni kì í ròyìn ohun tó pa á, èmi kò tíì kú.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo bí Mùlíkátù, láyé ìjọba àwọn alágbádá. Àkọ́bí mi ni, wẹ́rẹ́ ni mo sì bí i. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ti kú kí n tó relé ọkọ, nítorí náà ìyá ọkọ mi ló wẹ ọmọ, òun náà ló tọ́jú mi. Ìyá ni gbogbo agbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, òwú ló ń ràn fún àwọn ahunṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Kì í pariwo, kì í bá èèyàn jà, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú abiyamọ, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní nǹkan kan.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ìyá á gbé omi kaná títí tí yóò fi máa hó, á kó ewé sí i, á ki aṣọ bọ̀ ọ́, á sì máa fi jó mi níkùn. Bí mo bá kérora, á ní kí n fara dà á, pé ẹ̀jẹ̀ tó dì síkùn ló ń jáde. Tó bá ṣe tán, á fi òrí pa mí lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, òrí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tó ń rùn bí èéfín igi. Lẹ́yìn náà ẹ̀kọ gbígbóná á dé, ọbẹ̀ á tẹ̀lé e. Ọbẹ̀ Ìyá nígbà náà ní ata, ó níyọ̀, ó sì ní káún dáadáa, nítorí wọ́n ní káún ló ń jẹ́ kí omi ọmú ya. Mo gbádùn gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ara mi báyẹn mọ́.

Ó kù díẹ̀ kí n pé ogójì ọjọ́ ni bàtà mi kò gbà mí mọ́. Mo rò pé ìrìn tí n kò rìn ló fà á. Láìpẹ́ ojúgun mi dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ojú mi rí róbótó, òrùka ọwọ́ mi kò ṣe é bọ́. Àwọn tó ń wá kí wa ń yìn mí. Wọ́n á ní ìyàwó ti ń sanra, pé ọwọ́ Ìyá mà dára. Ìyá á kàn máa tún ìró rẹ̀ ró, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó ń dùn mọ́ èmi náà. Láti kékeré, gbígbẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ mí. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n rí òun kí wọ́n ní ilé ọkọ gbà á?

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ tó sanra, ẹran ara á padà síbi tó wà. Bí ihò bá kù síbẹ̀, omi ni. N kò mọ̀ nígbà náà, ẹni tó mọ̀ kò sì sí nílé wa.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan mímí. Kànga agbo ilé wa kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sinmi lójú ọ̀nà bí arúgbó. Ikọ́ gbígbẹ kan mú mi. Wọ́n ní eruku ọyẹ́ ni, wọ́n fún mi ní oyin lá. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí ni pé n kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Orí mi bá ti kan ìrọ̀rí, á dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ mí rì sínú odò. N ó dìde jókòó, n ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọmọ á wà lẹ́sẹ̀ mi, àyà mi á máa lù kì kì kì. N kò sọ fún Ìyá. Báwo ni abiyamọ tí gbogbo èèyàn ń yìn ṣe máa dìde kó ní ara òun kò yá? Làmídì ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó bi mí ìdí tí mo fi ń sùn níjòókòó, mo sì ní ọmọ ló ń yọ mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, mo pọn Mùlíkátù, mo fẹ́ lọ sá àgbàdo sóòrùn. N kò tíì ré ẹnu ọ̀nà kọjá tí orúnkún mi fi yẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo di òpó mú, mo ń wá èémí, n kò rí i. Ọwọ́ mi kò ká ọ̀já láti tú u. Ìyá ló sáré dé, òun ló tú u, tó gba ọmọ lẹ́yìn mi. Ọjọ́ náà ni mo pọn ọmọ mi kẹ́yìn.

Ìyá ní ẹ̀gbọ́n kan, Àáfáà Ìdírísù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ nílé wa. Òun ni wọ́n pè. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ṣàdúrà, ó ní nǹkan ni mo tẹ̀. Ó ní wọ́n dà á sílẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà kànga. Wọ́n bi mí pé ta ni mo bá jà. Mo ní n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa. Mo rò ó títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwọn obìnrin tí a jọ ń pọnmi, àwọn tó gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ ìkómọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé wá kí mi, n ó gbé ọmọ sí apá kejì. Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún lè wo àwọn aládùúgbò mi lójú, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ mi.

Mo mu hàńtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Omi ni, omi tó mọ́ gaara, ó sì ń sun láìdáwọ́ dúró débi pé ẹní mi kì í gbẹ. Àáfáà ní oògùn ọ̀tá ló ń jáde yẹn. Mo gbà á gbọ́, nítorí n kò rí ohun mìíràn gbà gbọ́. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé èèyàn burúkú ni. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ràn wa, ohun tó mọ̀ ló sì ṣe.

Abẹ́rẹ́ ọmọ ló kó mi yọ. Nọ́ọ̀sì kan máa ń ti Ṣakí wá sí ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa láti gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́. Ìyá ló pọn ọmọ, èmi ń fi ọ̀pá tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì náà kò tíì wo ọmọ tó fi ń wo èmi. Ó ní kí n jókòó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ó dúró díẹ̀, ó gbé e kúrò, ihò náà kò dí. Ó fi ohun èlò gbọ́ àyà mi. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ìyá, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Obìnrin yìí kò sanra. Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀, kò lè fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri bó ṣe yẹ mọ́, ni omi fi ń dúró sí i lára. Bí kò bá dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí lọ́la, ẹ lè máà rí i mọ́.”

Ìyá tún ọmọ pọ̀n, ó di ọwọ́ mi mú, a forí lé ilé.

Ọ̀rọ̀ dàrú nílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àáfáà ní ẹni tó bá tẹ oògùn kì í gba abẹ́rẹ́, pé bí wọ́n bá fi lè gún mi, mo máa kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń mi orí. Làmídì, tí kì í gbó àgbà lẹ́nu, dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn, kò sì dìde títí tó fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ó ní, “Bàbá, gbogbo ohun tí ẹ ní ká ṣe la ti ṣe. Bó bá kú sílé, ojú mi ló kú sí. Bó bá kú sí Ṣakí, ẹ sọ pé èmi ni mo gbé e lọ pa. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ.”

Gbogbo wọn ń wo Ìyá. Ìyá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ tó ń kó iṣu ló gbé èmi àti Làmídì, ọmọ wà lọ́dọ̀ Ìyá nílé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi dé Ṣakí, àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn sì ti kún, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. A gba káàdì, a tò. Oòrùn mú, a ṣì tò. Wọ́n gbé ọkùnrin kan tí ejò ṣán kọjá níwájú wa, wọ́n gbé ọmọ tí gìrì mú kọjá, a ń sún sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí títò yẹn lé yín padà sílé. Mo rí àwọn tó dìde tí wọ́n lọ, tí wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, n kò lè dìde. Làmídì bẹ̀rẹ̀, ó gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó gbé mi wọlé síwájú gbogbo èèyàn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Wọ́n dá mi dúró. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, n kò mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀ lè wà lára èèyàn. Omi náà fà, ó ń fà, títí gbogbo ara tí wọ́n ti ń yìn yẹn fi tán pátá. Egungun ló kù. Nígbà tí Ìyá wá wò mí, ó kọjá bẹ́ẹ̀dì mi lọ, kò mọ̀ pé èmi ni, àfi ìgbà tí mo pè é.

Obìnrin ará Ìgbòho kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, oṣù kan náà la sì bímọ. Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa oko ẹ̀gẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ní tí ara òun bá ti yá òun á fi gaàrí ránṣẹ́ sí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo rí i pé wọ́n ti ká ẹní rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí irin bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú ọmọ, ó ń fi ìka rẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu kó máa fà á mu. Kò sunkún. Ó kan ń wo ojú fèrèsé. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ń ka èémí ara mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí olè fẹ́ jí.

Nígbà tó tó àkókò pé kí n máa lọ sílé, dókítà pe èmi, Làmídì àti Ìyá, nọ́ọ̀sì sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀. N kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, n kò gbọdọ̀ fẹnu kan káún. N kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, n kò gbọdọ̀ pọn ọmọ. Ó wo Làmídì, ó ní n kò sì gbọdọ̀ lóyún mọ́, pé oyún mìíràn lè pa mí. Ìyá ló kọ́kọ́ lanu, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

“Èmi ni mo ń fi káún sí ọbẹ̀ rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fa àìsàn náà gan-an, pé iyọ̀ àti káún kàn ń dá kún un ni, pé ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ ẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ìyá gbọ́. N kò rò pé ó gbà.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú nígbà tí a délé. Mo ti rò pé bí mo bá ti délé, ó parí. Irọ́ ni. Omi ọmú mi ti gbẹ. Ògì ni Mùlíkátù ń mu, pẹ̀lú omi wàrà màlúù tí ìyá Fúlàní kan ń gbé wá, tí Ìyá ń sè kó tó fún un. Ẹ̀yìn Ìyá ló mọ̀. Bí mo bá nawọ́ sí i, á wo ojú mi, á wo ojú Ìyá, á bú sẹ́kún. N kò lè gbálẹ̀, n kò lè gúnyán, n kò lè pọnmi. Mo wà nínú yàrá bí ìkòkò tí wọ́n gbé tì. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó mú ará Ìgbòho yẹn lọ tó wá fi èmi sílẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin tí irú èrò bẹ́ẹ̀ máa wá sí lọ́kàn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Oògùn ló gbà mí lọ́wọ́ ikú, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn lè wà láàyè kí ayé sì sú u, oògùn kò sì rí ti ìyẹn ṣe. Nǹkan kéékèèké, nǹkan tí ọwọ́ ń ṣe nílé, ló bá mi gbé ìyẹn.

Làmídì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lọ ṣa òwú àràbà létí oko, ó kó àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó rán wọn pọ̀ di àpò ńlá kan, ó sì ki òwú náà sínú rẹ̀ títí tó fi le dáadáa. Ó gbé e ti ògiri, ó ní kí n fẹ̀yìn tì í. Ẹ̀yìn mi ti ń gbo amọ̀ ògiri láti ìgbà ọyẹ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn débi pé mo lálàá. Àwọn aṣọ rẹ̀ kò bára mu rárá: àǹkárá wà níbẹ̀, kákí aṣọ ọmọléèwé wà níbẹ̀, ègé àlàárì ẹnìkan náà wà níbẹ̀. Bí n kò bá rí nǹkan ṣe, n ó máa fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Oúnjẹ tí kò níyọ̀ nira. Níbẹ̀rẹ̀, bí ẹní ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ ló rí lẹ́nu mi, n ó sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kì í bá mi wí. Á gbé e lọ, ọjọ́ kejì á gbé òmíràn wá: ó lè jẹ́ àlùbọ́sà tó sun nínú eérú, ó lè jẹ́ ẹ̀wà tó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ó lè jẹ́ ọbẹ̀ tó já ewé efinrin sí títí yàrá fi ń ta sánsán. Lọ́jọ́ kan mo rìn dé ibi ààrò, mo rí i pé ìkòkò kan ṣoṣo ló wà lórí iná. Mo bi í pé èwo ni tèmi, èwo ni tiwọn. Kò gbójú sókè.

“Tiwa nìyẹn.”

Àṣé láti ọjọ́ tí a ti ti Ṣakí dé, òun náà kò fi iyọ̀ sẹ́nu mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà sínú yàrá, mo jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà tán.

Nígbà tí èso igi igbá tí a fi ń ṣe irú gbó, ó bó wọn, ó sì kó ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà nínú wọn sínú igbá kékeré kan fún mi. Ohun tí àwọn ọmọdé ń lá nínú oko ni, n kò tọ́ ọ wò mọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ó dùn fúnra rẹ̀, kò bèèrè iyọ̀, kò bèèrè ṣúgà. Mo fi ìka bù ú kan Mùlíkátù létè. Ó fajú ro, ó ṣe ẹnu pọ́tọ́pọ́tọ́, ó wá fi ọwọ́ gbá igbá náà, ìyẹ̀fun náà bo èmi àti òun lójú. Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti délé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi máa wo ojú mi tí kò ní sunkún nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá ti wẹ ọmọ tán, kì í fi òrí pa á mọ́. Á gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, á ní ó ku ìpara. Dókítà kò sọ pé n kò gbọdọ̀ ṣe ìyẹn. N ó bu òrí, n ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, n ó fi pa apá, n ó fi pa ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó na ọrùn-ọwọ́, n ó na orúnkún. N kì í kánjú. Iṣẹ́ tí ìyá mìíràn ń ṣe wàràwàrà kó lè lọ sọ́jà, èmi a máa fi odidi àárọ̀ ṣe é. Nígbà tó yá, bó bá ti gbóòórùn òrí lọ́wọ́ mi, á dákẹ́.

Ìyá tún fi ìrànwú lé mi lọ́wọ́. N kò rànwú rí. Níbẹ̀rẹ̀, òwú mi ń nípọn bí okùn ewúrẹ́ níbì kan, á já níbòmíràn. Ìyá á tú u, á ní kí n tún un ṣe. A jọ ń jókòó, òjò ń rọ̀ sórí páànù, ìrànwú ń yí nínú igbá, ẹ̀pà yíyan wà láàárín wa. Ọkàn mi máa ń fúyẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fúyẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìwọ̀nyí kì í rọ́pò oògùn. Nígbà kan oògùn wọ́n ní Ṣakí, Làmídì ń wá a dé Ìbàdàn. Àáfáà ní kí n kúkú fi í sílẹ̀, pé ara mi ti yá, èmi náà sì gbà. Kí Làmídì tó dé, ojúgun mi ti ń dán padà, wọ́n sì tún gbé mi lọ síbi tí mo ti kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òwú mi tó, Làmídì gbé e lọ bá ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, ó sì gba ọ̀já kan bọ̀, funfun tó ní ìlà ẹ̀lú méjì. Mo na ọ̀já náà sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wò ó. Mo rí ibi tí òwú mi ti nípọn. Ìyá gbé Mùlíkátù, ó wo ojú mi bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Mo ní kó pọ̀n ọ́n. Ó gbá ọ̀já náà mọ́ àyà, ó so ó, ọmọ gbórí lé e lẹ́yìn, ó sì sùn. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, n kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Mùlíkátù ń sáré kiri nígbà tí Ìyá wọlé tọ̀ mí wá ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan. Ó jókòó sí etí ẹní, ó ń fi ọwọ́ ká ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

“Sàfúrá, ọmọ kan kò tó ọkùnrin. Èmi ni mo wá ìyàwó fún ọkọ rẹ. Má dì í sí i nínú, èmi ni kí o bínú sí.”

Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó bá ilé mu. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé n kò bínú. Mo bínú. Mo bínú sí Làmídì, mo bínú sí Ìyá, mo bínú sí ara mi tí kò lè gbé oyún mìíràn, mo sì tún mọ̀ pé bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n á fi dán ikú wò. Rìsíkátù ni orúkọ ìyàwó náà. Ọmọ dáadáa ni, àǹtí ló ń pè mí. Nígbà tó bímọ, Ìyá wẹ ọmọ, ó tọ́jú abiyamọ, ṣùgbọ́n kò fi káún sí ọbẹ̀ rẹ̀ rárá. Rìsíkátù ti bí ọkùnrin méjì báyìí. Làmídì ṣì máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, a jọ ń jẹ gúgúrú. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, á dìde, á lọ sí yàrá kejì.

Bí mo ṣe wà nìyí. Mo ṣì ń lo oògùn, mo sì ń lọ sí Ṣakí kí wọ́n gbọ́ àyà mi. Gbogbo nǹkan ti wọ́n lóde òní, oògùn náà wọ́n, àwọn ìgbà kan wà tí mo ń pín in kó lè pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ní kò dára. Ìjókòó ni mo fi ń kírun. Mo lè rìn dé kànga, n kò lè gbé omi bọ̀. Mò ń rànwú, òwú mi sì ti dọ́gba, àwọn ahunṣọ ń rà á. Ìyá ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń bá a wo ibi tí òwú tirẹ̀ ti nípọn. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀rù á máa bà mí, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni mímí mi máa ń burú jù.

Àwọn tí dókítà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún máa ń wá bá mi nígbà mìíràn. Wọ́n á bi mí bóyá ó máa ń lọ. Èmi kì í purọ́ fún wọn. Mo ní ti àwọn mìíràn lọ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wí, tèmi kò lọ, ti ará Ìgbòho sì pa á. Mo ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kí ara tó wú dé ikùn, kí wọ́n má ka ẹnikẹ́ni sí ọ̀tá nítorí ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá ohun kékeré kan tí ọwọ́ wọn lè ṣe fún ọmọ wọn lójoojúmọ́. Kó má ju agbára lọ. Kó sáà jẹ́ tiwọn.

Mùlíkátù ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Rìsíkátù tó ń pọn àbúrò rẹ̀ kékeré. Ó wá sọ́dọ̀ mi.

“Màámi, ṣé ẹ pọ̀n mí rí?”

Mo ní, “Mo pọ̀n ẹ́. Ìwọ ni o kò rántí.”

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní ó dáa, ó sì sá jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo ń dúró kí àyà mi rọlẹ̀, kí n tó dìde.